Ẹ̀rọ Tó Ń Kú, Tó Ń Jí

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ò ni ọ́? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òtútù ibẹ̀ ti dín kù? Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́. Etí mi ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀: ti ọ̀tún ti sùn, ti òsì ń tòògbé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé fóònù rẹ lọ́jọ́ Sátidé. Mo rí i tó ń tàn, àmọ́ kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Kí n máa pariwo "Kí lo wí? Kí lo wí?" bí ẹni ń lé ewúrẹ́.

Má bínú pé ìwé àti bírò ni mo fi kọ èyí. Kọ̀ǹpútà tó o rà fún mi ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mo tẹ lẹ́tà sí ọ, lẹ́tà tó dùn. Mo kí ọ, mo bú ọ díẹ̀, mo tún kí ọ. Ibi tí mo ti fẹ́ parí rẹ̀, ojú ẹ̀rọ náà ṣú dùdù. Kí n tó ní "kí ló dé," ó tún tan iná, ó gbé àwòrán òkè àti odò rẹ̀ jáde, ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Lẹ́tà ti lọ. Mo tún un tẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó tún kú, ó tún jí. Lẹ́tà tó ti gbé mì báyìí kò ṣe é kà, tìrẹ sì ni gbogbo wọn. Mo tẹ̀wé fún oríṣiríṣi ọ̀gá kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sí táípùráítà tó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi jẹ rí.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìyàwó. Ìyàwó àbúrò rẹ máa ń jókòó tì í láti ìgbà tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé títí a ó fi jẹun alẹ́, ó ń ka ẹ̀kọ́ ìṣirò owó tó fẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì máa bá a lọ láìsí wàhálà. Bí èmi bá jókòó, ó di ìjà. Ìwọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ nìyẹn, tó o máa ń bá àwọn tí o ò mọ̀ rí tún tiwọn ṣe lórí fóònù láti àárọ̀, bá mi wò ó. Kí ni mo fi ṣe é?

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, o ní "Màmá" bu ọbẹ̀ gbígbóná fún ọ nígbà tí òtútù mú ọ. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni, mo ní ìgbà wo ni mo ṣe bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀ ni mo tó rí i pé ìyá onílé rẹ ni. Ìyá mélòó lo ní? Mo kàn bi ọ́ ni o. Bá mi kí i.

Èmi ìyá rẹ, ọ̀kan ṣoṣo.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àmójútó wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ìyá onílé jà láti ibẹ̀ yẹn. Gbogbo ayálégbé ló ń pè é ní Màmá, títí kan ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń gbé lókè mi. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì níyọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti kọ̀ǹpútà. Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n tò wá jókòó bí ọmọ ilé ìwé, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun ìgbọ́rọ̀ létí, ọ̀gá ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ohun tí ẹ kọ yìí wà lára ohun tí àwọn èèyàn fi ń pè wá jù, bí mo sì ṣe máa ń bi wọ́n ni màá ṣe bi yín. Ẹ wo púlọ́ọ̀gì ara ògiri: ṣé ó dúró gbọnyin, àbí ó ń mì bí eyín àgbà? Wáyà ẹ̀yìn àpótí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fà á yọ, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí òun àti áyọ̀ọ̀nù máa fa iná láti ojú kan náà. Ṣé tí iná ilé bá ń ṣẹ́jú ló máa ń kú, àbí iná á wà nílẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ máa ń di búlúù, tí á kọ nǹkan funfun síbẹ̀ kó tó kú? Bó bá kọ ọ́, ẹ dà á kọ fún mi. Ẹ sì máa fi iṣẹ́ yín pamọ́ lẹ́yìn ìlà díẹ̀díẹ̀, mo ti yàwòrán ibi tí ẹ ó tẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Mo mọ̀ pé ohun tí àgbà atẹ̀wé bá ti tẹ̀ sórí ìwé, ó ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Orí afẹ́fẹ́ ló wà títí ẹ ó fi fi í pamọ́.

Ìbéèrè tó kù, Màmá, ẹ fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Ta ló ní kí Ìyàwó máa lo kọ̀ǹpútà yẹn? Mo fi àwọn ọjọ́ ìsinmi mi ṣiṣẹ́ kí n tó rà á. Ẹ̀yin ni mo rà á fún, kí èmi àti ẹ̀yin lè máa rí ara wa bá sọ̀rọ̀ nígbà tí etí ò jẹ́ kí fóònù wúlò mọ́. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́, mo ní kí ẹ má jẹ́ kí eruku wọ̀ ọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ rántí? Mi ò ní nǹkan kan sí Ìyàwó o. Mo kàn ń béèrè ni.

Èmi ọmọ yín tó jìn.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Ọmọ mi tó jìn,

Báwo ni? Mo ti ṣe gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe. Púlọ́ọ̀gì ò mì. Mo fa wáyà ẹ̀yìn, mo kì í bọ̀ ọ́, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Mo ti lé áyọ̀ọ̀nù lọ sí pálọ̀. Iná ilé kì í ṣẹ́jú tó bá kú: gílóòbù á máa tàn lórí mi, òun nìkan ló máa ń dákú. Ojú rẹ̀ kì í di búlúù, kì í kọ nǹkan kan, kì í dágbére fún èèyàn. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ó máa ń kùn kó tó kú. Etí mi kọ́ ló gbọ́ ọ, ọwọ́ mi lórí tábìlì ni. Á kọ́kọ́ máa kùn jẹ́jẹ́, á wá máa kùn kíkankíkan bí ẹni tó ń gun òkè, lẹ́yìn náà á dákẹ́ wẹ́lo.

O ní ta ló ní kí Ìyàwó lò ó. Èmi ni. Àbúrò rẹ ń bẹ lójú títì pẹ̀lú tírélà rẹ̀, a kì í rí i àfi tó bá já ẹrù. Èmi àti ọmọ yẹn la wà nílé. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìṣirò owó yẹn, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fi iṣẹ́ sí fún un, tó bá sì yege, ilé iṣẹ́ tó ti ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ti ní àwọn á gbé e lọ sídìí àkáǹtì. Ṣé kí n wá ní kó má kàwé ni? Ọmọ náà ń tọ́jú mi. Ó mọ bí mo ṣe ń mu tíì mi. Ó mọ ẹ̀gbẹ́ tí etí mi ti ń gbọ́ràn, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ tí mo lọ rí dókítà elétí, òun ló mú mi lọ, ó kọ ọ̀rọ̀ dókítà sílẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà kí n lè kà á fúnra mi. Ẹni tó súnmọ́ni ló ń mọ ìṣe ẹni.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún ọ, ó ń dùn mí. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mò ń wò ó. Ó jókòó tì í títí tíì mi fi tutù, ẹ̀rọ náà kò ṣẹ́jú. Bó ṣe dìde, mo tún ibẹ̀ ṣe bí mo ṣe máa ń tún un ṣe, mo jókòó. Mi ò tíì kí ọ tán, ó kú. Ó dà bíi kí ọmọ tí èèyàn bí máa sá fún un lọ bá aládùúgbò. Inú mi kò dùn rárá lọ́jọ́ náà.

Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ yẹn, ṣé o jẹ ẹ́ tán? Ìyẹn ni o ò sọ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Inú ọkọ̀ tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, ọkọ̀ sì gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Mo ní kí n má kọ̀wé lójú ìbínú. Mo dúró di ọjọ́ kejì, ìbínú náà dúró dè mí.

Ẹ̀rọ kì í mọ ojú èèyàn. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa ní, "Ìyá àgbà ló dé yìí, jẹ́ kí n dákú, ìyàwó ilé ló dé yìí, jẹ́ kí n jí." Bó bá ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan tí kò ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì, ẹnì kan ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. A ti gbọ́ irú rẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè tẹ àṣẹ sí i nínú pé tí ẹlòmíì bá ti ń lò ó, kó máa pa ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó di tòun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan o. Àmọ́ èèyàn méjì péré ló wà nínú ilé yẹn, ẹ̀yin kọ́ sì ni.

Ẹ ní ó mọ bí ẹ ṣe ń mu tíì yín. Màmá, ta ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n? Ta ló máa ń tọ́ ọ wò kó má bàa jó yín lẹ́nu? Etí òsì yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ló ṣì ń gbọ́ràn, kí dókítà kankan tó sọ ọ́. Nínú àwòrán tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi, Ìyàwó ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì yín. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Mo fi ìka bo ojú rẹ̀ nínú àwòrán náà kí n lè wò yín dáadáa.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lówe yẹn. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ ti yàrá yín, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn yín, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ títí màá fi ráyè wálé wá tún un ṣe. Bí ẹ bá ṣe é, màá mọ̀ pé èmi ṣì ni ọmọ. Bí ẹ ò bá ṣe é, màá mọ ìyẹn náà.

Ọmọ yín, bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ṣé lẹ́tà mi dé àbí kò dé? Tí mo bá ń jáde, mò ń wo àpótí lẹ́tà. Tí mo bá ń wọlé, mò ń wò ó. Ìyá onílé ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó dájú pé lẹ́tà ọkùnrin kan ni mò ń retí. Mi ò sọ fún un pé ìyá mi ni. Ẹ kàn kọ "mo rí i" sórí ìwé pélébé kan, ẹ fi ránṣẹ́, ó ti tó.

Àbí Ìyàwó ló ń bá yín ka lẹ́tà mi báyìí?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo rí i. Mo rí méjèèjì. Ọwọ́ mi ló wúwo.

Mo ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Mo ti yàrá, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ìyàwó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo ní, "Àǹtí rẹ ní ká dáwọ́ dúró ná. Ẹ̀rọ náà ń ṣàìsàn, a ò sì mọ ohun tó ń ṣe é tàbí ẹni tó ń ṣe é." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́, kò sì dùn lẹ́nu mi. Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa, mà." Ì bá bú mi, ì bá sàn. Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ló ti ń lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù a sì máa lé wọn dìde tó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ó ṣì ń po tíì fún mi. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ń jókòó sí báyìí. Bó bá ń sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀.

Àbúrò rẹ já ẹrù, ó dé, ó gbọ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé a ó máa fojú olè wo ìyàwó òun nínú ilé yìí, òun á gba yàrá síbòmíì kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló dúró sí kó tó sọ ọ́, kó lè dá a lójú pé mo gbọ́.

Ó dáa, mo ti ṣe tìrẹ. Ṣé ẹ̀rọ náà wá sàn? Kò sàn. Èmi nìkan ni mò ń wọ yàrá, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi, ó sì ń kú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ, ojú ló ń tì mí. Má rẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí ẹ̀wù òtútù rẹ aláwọ̀ ewé, èyí tó nípọn, tí àpótí rẹ kò gbà mọ́ lọ́jọ́ tí ò ń lọ? Mo wọ̀ ọ́ fún kọ̀ǹpútà. O ní kí n má jẹ́ kí eruku wọ̀ ọ́. Aṣọ tí mo lè fi bò ó pọ̀ nílé, ó kàn wù mí kó jẹ́ tìrẹ ni. Mo wọ̀ ọ́ fún àpótí rẹ̀, mo de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, mo ká apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Tí mo bá fẹ́ kọ̀wé sí ọ, màá kọ́kọ́ tún un wọ̀ fún un dáadáa, kó lè dà bíi pé ìwọ lo jókòó tì mí. Bí mo bá tẹ̀wé díẹ̀ tí mo fọwọ́ kàn án, á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ sílẹ̀. Ìyàwó kò fẹ́ràn ẹ̀wù yẹn. Kó tó jókòó tì í, á kọ́kọ́ bọ́ ọ, á ká a sórí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá parí, á tún un wọ̀ padà. Mo ti bá a wí títí pé kó yé fọwọ́ kan aṣọ ọmọ mi.

Ẹni tó ń wọ aṣọ rẹ fún ẹ̀rọ lò ń bi pé ta ni ọmọ òun. Kú iṣẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ lọ bọ́ ẹ̀wù yẹn kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí síwájú. Ẹ lọ bọ́ ọ ná. Mò ń dúró.

Kọ̀ǹpútà máa ń mí, Màmá. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn àpótí yẹn ni imú rẹ̀. Fáànù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń fẹ́ ooru jáde. Ẹ wọ ẹ̀wù òtútù fún un, ẹ de bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ tún fi apá ẹ̀wù dí i nímú. Bí ooru bá mú un, fáànù á máa sáré, ìyẹn ni kíkùn tí ẹ ń gbọ́ lára tábìlì. Bí kò bá lè fara dà á mọ́, á pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná, lẹ́yìn náà á tún gbìyànjú láti jí. Tí Ìyàwó bá bọ́ ẹ̀wù náà, ó ń mí. Kò sí àṣẹ kankan tó tẹ̀ sí i nínú. Kò ṣe nǹkan kan.

Láti oṣù kẹta lẹ ti sọ fún mi pé ó máa ń kùn kó tó kú. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wa lánàá ì bá ti mọ̀. Ká ní àjèjì ló pè mí ni, ǹ bá ti ní kó wò ó bóyá nǹkan kan bò ó. Àmọ́ Ìyàwó ni mò ń wá nínú lẹ́tà yín, òun nìkan ni mo sì ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Bí mo ṣe kà á dé ibi tí ẹ ti ní ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ti mọ̀. Mo sì ká lẹ́tà yín sínú àpò, mi ò fèsì. Inú mi dùn, Màmá. Inú mi dùn pé aṣọ mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mo rò ó pé bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó bọ́ mi kúrò níbẹ̀, Ìyàwó á sì padà wá jókòó. Mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́ títí òun àti àbúrò mi á fi kó lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ máa kù, èmi nìkan lẹ ó sì máa retí. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Tèmi ti gbẹ kan egungun. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí ẹ kọ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Mò ń rí yín tí tíì wà níwájú yín, tí ẹnì kan ń bá yín sọ̀rọ̀, tí ẹ ò sì mọ̀.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹ bẹ àbúrò mi kó má gba yàrá kankan. Lẹ́tà Ìyàwó wà nínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á.

Ọmọ yín, òjòwú.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà

Eyínfúnjowó mi,

Mo kí yín o, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, Màmá kò sì kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbé e sókè síbi iná kó tó fún mi.

Mo ti gba ẹ̀bẹ̀ yín. Àmọ́ mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Iṣẹ́ kan tó yẹ kí n fi ránṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ti lé wa dìde kí n tó parí rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ mi ní kí n dúró de ìdánwò ìparí ọdún. Ibi iṣẹ́ wa kò lè dúró dè mí, wọ́n ti fi ẹlòmíì sídìí àkáǹtì yẹn. Mo ní kí n sọ ọ́, torí bí mi ò bá sọ ọ́, á máa wà níkùn mi tí a bá ríra.

Ẹ bi mí bóyá mo mọ̀ pé ẹ̀wù yẹn ló ń pa ẹ̀rọ. Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò mọ̀. Kí ni mo mọ̀ nípa fáànù? Ohun tó jẹ́ kí n máa bọ́ ọ ni pé mò ń jowú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí Màmá má gbọ́. Tí mo bá fẹ́ kàwé, ńṣe ló dà bíi pé ẹ jókòó síbẹ̀, tí ẹ kò ní dìde fún mi. Èmi tí mò ń pọn omi, tí mò ń po tíì, ẹ̀wù tí kò lọ́wọ́ nínú ló ń gba ìkíni àárọ̀ ṣáájú mi. Mo ti rí Màmá tó ń gbọn èjìká rẹ̀ nù. Ìyá tèmi kú kí n tó mọ àwọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi tọ́jú aṣọ dè mí rí. Torí náà, tí mo bá ti dé, màá bọ́ yín, màá ká yín sórí bẹ́ẹ̀dì, màá kọjú yín sí ògiri, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi. Àṣé owú tí mò ń jẹ ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà rí èémí mí.

Ọkọ mi ò sọ ọ̀rọ̀ yàrá mọ́. Mo ti padà sí ẹ̀gbẹ́ òsì.

Èmi ìyàwó yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Ọmọ mi,

Wo bí ìlà wọ̀nyí ṣe dúró tọ́ọ́rọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti tẹ̀ wọ́n, ibi tí mo sì ti dánu dúró mí èémí ni mo ti ń fi í pamọ́. Ìyàwó ló bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, torí mo fẹ́ kí o fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rọ náà kò kú mọ́. Inú mi dùn, àmọ́ àpótí rẹ̀ wá rí ṣákálá, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá lórí. Mo fọ ẹ̀wù náà, mo sá a. Ní tòótọ́, òórùn rẹ ti tán lára rẹ̀ tipẹ́, èmi ni mò ń tan ara mi jẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, òjò rọ̀ mọ́jú, òtútù mú. Ìyàwó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ nínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbé ẹ̀wù rẹ wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ bọ́ ọ, ó ní, "Ti Àǹtí ni, mà." Mo ní kó dúró jẹ́ẹ́. Mo de bọ́tìnnì fún un títí dé ọrùn. Mo rántí òwe tí o fi bá mi wí, ti ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdí ọmọ ẹlòmíì. Òwe yẹn kò sọ ohun tí a ó ṣe bí òtútù bá ń pa ọmọ ẹlòmíì lójú ẹni.

Ó bọ́ sójú ọ̀nà, mo dúró lójú fèrèsé. Ẹ̀yìn rẹ ni mo rí, ọmọ mi. Èjìká rẹ, àti bí ẹ̀wù náà ṣe máa ń rọ̀ sí apá kan. Mo pe orúkọ rẹ. Mo pè é tagbáratagbára, bí adití ṣe ń pe èèyàn. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ ẹ. Ó yíjú padà. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀, àmọ́ mo rí ẹnu rẹ̀ tó ní, "Mà!"

Mo fẹ́ fi pamọ́ fún ọ. Àmọ́ o ti sọ tìrẹ, èmi náà sọ tèmi.

Bá mi kí ìyá onílé rẹ. Èyí kì í ṣe àwàdà. Ní kó máa fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, kó sì máa bá mi bo ọmọ mi dáadáa.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù keje

Màmá mi,

Mo kà á. Mo sunkún, mo bínú, mo fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Mi ò ní purọ́ fún yín, mò ń jowú láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá onílé bi mí pé kí ló dé, mo sọ fún un, ó sì kí yín padà. Ó ní òun ti gbọ́ ti iyọ̀.

Ẹ jẹ́ kó máa wọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún un pé bọ́tìnnì kejì láti òkè máa ń já, kó má máa fà á. Mo rán abùlẹ̀ kan mọ́ inú àpò òsì nígbà tí ẹ̀ ń kọ́ mi ní aṣọ rírán, ó ṣì máa wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì tún pe orúkọ mi lójú fèrèsé, tó bá jẹ́ ẹ, ẹ má sọ fún un pé ẹ ṣì í pè. Iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ rán mi, ẹ rán an.

Èmi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín.